Bí Ẹ Ṣe Máa Yanjú Ìbéèrè Absolute Advantage àti PPC Láìṣìnà

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá lọ́dọ̀ àwọn tó ń múra ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB, àti lọ́dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kìíní ní yunifásítì: tẹ́nì kan bá mọ iṣẹ́ méjèèjì ṣe ju ẹnì kejì lọ, kí ló dé tí ìdáhùn fi ní kó fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ẹni tí kò tó o? Ìdáhùn rẹ̀ kò le rárá. Ohun tó ń da àwọn èèyàn rú ni pé wọ́n ń sáré wo nọ́ńbà tó pọ̀ jù, wọ́n á sì ti kọ ìdáhùn kí wọ́n tó ṣírò ohun tí iṣẹ́ kan ń gbà lọ́wọ́ èkejì. Ẹ tẹ̀ lé àwọn ìgbésẹ̀ yìí bí wọ́n ṣe tò. Ẹ má fo ìkankan, pàápàá ìgbésẹ̀ kìíní, torí ibẹ̀ gan-an ni máàkì ti ń bọ́ jù.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìwé gíráàfù, rúlà, pẹ́ńsù tó mú àti rọ́bà
- Kalikulétọ̀, tí wọ́n bá gbà yín láàyè
- Bébà lásán fún ìṣirò. Ẹ má ṣe é lórí.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí ẹ gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀

- *Absolute advantage*, tí a ó máa pè ní àǹfààní pọ́nbélé: ẹni tó ń rí ọjà tó pọ̀ jù ṣe láàárín àkókò kan náà, tàbí tó ń fi àkókò tó kéré jù ṣe ọjà kan náà.
- *Opportunity cost*, ohun ìyááfì: ìwọ̀n ọjà kejì tí ẹ pàdánù kí ẹ tó rí ẹyọ kan ṣe lára ọjà kìíní.
- *Comparative advantage*, àǹfààní àfiwé: ẹni tí ohun ìyááfì rẹ̀ kéré jù lórí ọjà kan.
- *PPC* (*production possibility curve*), ìlà agbára ìpèsè: ìlà tó ń fi hàn ibi tí agbára ẹnì kan tàbí ìlú kan lè dé tí wọ́n bá lo gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn láìfi nǹkan ṣòfò. Àwọn ìwé kan ń pè é ní PPF. Nǹkan kan náà ni.

Àǹfààní pọ́nbélé ń sọ ẹni tó yára jù. Àǹfààní àfiwé ló ń sọ ẹni tó yẹ kó ṣe iṣẹ́ náà. Tí ìbéèrè bá ní kí ẹ sọ ẹni tó yẹ kó ṣe kí ni, tí ẹ wá fi àǹfààní pọ́nbélé dáhùn, ẹ ti ṣìnà nìyẹn, kódà tí ìdáhùn yín bá bọ́ sí i.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ irú tábìlì tó wà níwájú yín

Oríṣi tábìlì méjì ni àwọn olùdánwò máa ń gbé jáde, wọ́n sì jọra gan-an lójú.

Tábìlì ọjà: wọ́n fún gbogbo èèyàn ní àkókò kan náà, wọ́n wá sọ iye tí kálukú rí ṣe. Ní tábìlì yìí, nọ́ńbà tó pọ̀ ló dára. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ máa rí níbẹ̀ ni *output per day*, *units produced*, *can produce*.

Tábìlì ìnáwó: wọ́n mú ìwọ̀n ọjà kan náà, wọ́n wá sọ iye wákàtí tàbí òṣìṣẹ́ tó gbà. Ní tábìlì yìí, nọ́ńbà tó kéré ló dára. Àwọn ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni *hours required*, *labour needed*, *number of workers to produce one unit*.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ fi pẹ́ńsù kọ "pọ̀ ló dára" tàbí "kéré ló dára" sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì náà. Kò ní gbà yín ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Ẹni tó bá ka tábìlì ìnáwó bíi tábìlì ọjà yóò dáhùn gbogbo ìpín tó tẹ̀ lé e sódì, bó ti wù kí ìṣirò rẹ̀ mọ́ tó.

Àpẹẹrẹ tí a ó lò láti ibí yìí lọ nìyí. Obìnrin méjì ń ṣe gàrí, wọ́n sì tún ń ṣe epo pupa. Tí kálukú bá fi odindi ọjọ́ kan ṣe ẹyọ iṣẹ́ kan ṣoṣo, ohun tó máa rí nìyí:

- Àṣàkẹ́: gàrí 60 kóńgò, tàbí epo 30 lítà
- Ìbídùn: gàrí 40 kóńgò, tàbí epo 10 lítà

Tábìlì ọjà ni. Pọ̀ ló dára. Ẹ ṣàkíyèsí "tàbí" tó wà láàárín: Àṣàkẹ́ kò lè rí 60 kóńgò àti 30 lítà lọ́jọ́ kan náà. Àìka "tàbí" yìí dáadáa ló ń mú kí àwọn kan ro méjèèjì pọ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá àǹfààní pọ́nbélé

1. Ẹ mú ọjà kan ṣoṣo. Ẹ fi ọwọ́ bo èkejì.
2. Ẹ fi nọ́ńbà ẹnì kìíní wé ti ẹnì kejì lórí ọjà yẹn nìkan. Gàrí: 60 ju 40 lọ, Àṣàkẹ́ ló ni ín.
3. Ẹ ṣe bákan náà fún ọjà kejì. Epo: 30 ju 10 lọ, Àṣàkẹ́ náà ni.

Àṣàkẹ́ ní àǹfààní pọ́nbélé lórí ọjà méjèèjì. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ẹ má sì máa wá bí ẹ ṣe máa pín ọ̀kan fún Ìbídùn kí ó lè dọ́gba. Àǹfààní pọ́nbélé lè jẹ́ ti ẹnì kan lórí ohun gbogbo.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí: kí ẹ fi gàrí Ìbídùn wé epo Ìbídùn, kí ẹ ní 40 ju 10 lọ, torí náà ó ní àǹfààní pọ́nbélé lórí gàrí. Kóńgò kọ́ ni lítà. Ẹnì kan sí ẹnì kejì ni à ń fi wéra, lórí ọjà kan náà.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ya ìlà agbára ìpèsè kálukú

1. Ẹ fa ìlà òòró fún gàrí, ìlà ìbú fún epo. Ẹ kọ orúkọ ọjà àti òṣùwọ̀n rẹ̀ sí ìdí ìlà kọ̀ọ̀kan: "gàrí, kóńgò", "epo, lítà".
2. Ẹ yan òṣùwọ̀n tó máa gba ojú ìwé. Níbí, sẹ̀ǹtímítà 2 fún kóńgò 10, sẹ̀ǹtímítà 2 fún lítà 5. Ìlà méjèèjì á wá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12, gíráàfù á sì rí bó ṣe yẹ.
3. Fún Àṣàkẹ́, ẹ fi àmì sí 60 lórí ìlà gàrí àti 30 lórí ìlà epo. Ẹ fi rúlà so wọ́n pọ̀.
4. Fún Ìbídùn, 40 lórí gàrí àti 10 lórí epo. Ẹ so àwọn náà pọ̀.
5. Ẹ kọ orúkọ onílà sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà tí kò lórúkọ kì í gba máàkì kíkún.

Ibi mẹ́ta ni àmì kan lè bọ́ sí. Tó bá wà lórí ìlà, gbogbo agbára ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá wà nínú, ẹ̀yìn ìlà síhà òdo, nǹkan kan ń ṣòfò: òṣìṣẹ́ jókòó, ẹ̀rọ dúró, tàbí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ bí kò ṣe yẹ. Tó bá wà lóde ìlà, agbára wọn kò ì dé ibẹ̀, àyàfi tí wọ́n bá ṣe pàṣípààrọ̀ tàbí tí agbára fúnra rẹ̀ bá pọ̀ sí i.

Ẹ dán an wò: ṣé Àṣàkẹ́ lè ṣe 30 kóńgò àti 20 lítà lọ́jọ́ kan? Lítà 20 máa gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ọjọ́ rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta tó kù máa fún un ní kóńgò 20, kì í ṣe 30. Àmì yẹn wà lóde ìlà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ṣírò ohun ìyááfì

Ìlànà rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ fún tábìlì ọjà: ẹ fi ohun tí ẹ jèrè pín ohun tí ẹ pàdánù.

- Àṣàkẹ́, lítà epo 1: 60 ÷ 30 = kóńgò gàrí 2
- Ìbídùn, lítà epo 1: 40 ÷ 10 = kóńgò gàrí 4
- Àṣàkẹ́, kóńgò gàrí 1: 30 ÷ 60 = ìdajì lítà epo
- Ìbídùn, kóńgò gàrí 1: 10 ÷ 40 = ìdá kan nínú mẹ́rin lítà epo

Ẹ yẹ ara yín wò kí ẹ tó lọ síwájú. Ohun ìyááfì epo àti ohun ìyááfì gàrí ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ́ òdìkejì ara wọn: 2 di ½, 4 di ¼. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ti gbé nọ́ńbà kan sódì.

Ẹ kọ òṣùwọ̀n sí ìdí ìdáhùn nígbà gbogbo. "2" lásán kò sọ nǹkan kan. "Kóńgò gàrí 2" ni ìdáhùn. A kì í sì í kọ owó náírà síbí: ọjà kejì ni ohun ìyááfì.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ yan ẹni tó yẹ kó ṣe kí ni

Lórí epo, kóńgò 2 ni Àṣàkẹ́ ń yááfì, Ìbídùn ń yááfì 4. Ti Àṣàkẹ́ kéré jù, kí Àṣàkẹ́ ṣe epo.

Lórí gàrí, ìdajì lítà ni Àṣàkẹ́ ń yááfì, Ìbídùn ń yááfì ìdá kan nínú mẹ́rin. Ti Ìbídùn kéré jù, kí Ìbídùn ṣe gàrí.

Ìdáhùn ìbéèrè tí ẹ ń béèrè wà níbí. Lóòótọ́ ni Àṣàkẹ́ ń ṣe gàrí ju Ìbídùn lọ, ní ìlọ́po kan ààbọ̀. Ṣùgbọ́n ìlọ́po mẹ́ta ló fi ju Ìbídùn lọ lórí epo. Gbogbo wákàtí tó bá fi dúró ti agbada gàrí, epo ló ń jẹ nínú rẹ̀, epo tó jẹ́ pé òun ló mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa jù. Ìbídùn kò pàdánù epo púpọ̀ tó bá kọjú sí gàrí, torí epo tó lè ṣe kò pọ̀ tẹ́lẹ̀. Àìpọ̀ yẹn gan-an ló mú kí ohun ìyááfì rẹ̀ kéré jù lórí gàrí.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wá iye tí pàṣípààrọ̀ lè jẹ́

Ìwé ń pè é ní *terms of trade*. Ó gbọ́dọ̀ bọ́ sáàárín ohun ìyááfì àwọn méjèèjì. Lítà epo 1 gbọ́dọ̀ ju kóńgò 2 lọ, kó sì dín sí kóńgò 4.

- Tó bá dín sí 2, Àṣàkẹ́ kò ní tà. Á sàn fún un kó ṣe gàrí rẹ̀ fúnra rẹ̀.
- Tó bá ju 4 lọ, Ìbídùn kò ní rà. Á sàn fún un kó ṣe epo rẹ̀ fúnra rẹ̀.
- Tó bá wà láàárín, àwọn méjèèjì jèrè. Bó bá ṣe sún mọ́ 2 tó ni Ìbídùn ṣe ń jèrè sí i, bó bá ṣe sún mọ́ 4 tó ni Àṣàkẹ́ ṣe ń jèrè sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú kóńgò 3 fún lítà kan.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ fi hàn pé èrè wà lóòótọ́

Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé máa ń sáré kọjá, ibẹ̀ sì ni ìdẹkùn wà. Ẹ fara balẹ̀ níbí.

Ká ní kálukú ń fi ìdajì ọjọ́ ṣe gàrí, ìdajì ṣe epo, láìsí pàṣípààrọ̀:

- Àṣàkẹ́: gàrí 30, epo 15
- Ìbídùn: gàrí 20, epo 5
- Àpapọ̀: gàrí 50, epo 20

Ká wá ní Àṣàkẹ́ kọjú sí epo nìkan, Ìbídùn sí gàrí nìkan. Àpapọ̀ á jẹ́ gàrí 40, epo 30. Epo lé mẹ́wàá, ṣùgbọ́n gàrí dín mẹ́wàá! Ibí ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúró, á ní "àǹfààní àfiwé ò ṣiṣẹ́." Ó ṣiṣẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Ìbídùn nìkan kò lè ṣe gàrí tó tó fún àwọn méjèèjì. Ẹni tí àǹfààní pọ́nbélé rẹ̀ pọ̀ lórí ohun méjèèjì kì í sábà lè fi ọ̀kan sílẹ̀ pátápátá.

Bí ẹ ṣe máa tún un ṣe nìyí:

1. Ẹ jẹ́ kí Ìbídùn fi gbogbo ọjọ́ ṣe gàrí: 40 kóńgò.
2. Ẹ jẹ́ kí Àṣàkẹ́ ṣe epo lítà 24. Ìyẹn gba kóńgò 48 nínú agbára rẹ̀ (24 × 2). Ó ku kóńgò 12 tó lè ṣe.
3. Àpapọ̀: gàrí 52, epo 24. Àwọn méjèèjì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gàrí lé 2, epo lé 4.
4. Ìbídùn fún Àṣàkẹ́ ní kóńgò 18, ó gba lítà 6 (18 ÷ 3).
5. Ìbídùn ní gàrí 22 àti epo 6. Tẹ́lẹ̀, 20 àti 5.
6. Àṣàkẹ́ ní gàrí 30 àti epo 18. Tẹ́lẹ̀, 30 àti 15.

Kò sẹ́ni tí tirẹ̀ dín. Ẹ padà sórí gíráàfù, ẹ fi àmì sí ibi tí kálukú dé báyìí. Lóde ìlà kálukú ni àmì náà máa bọ́ sí. Ọ̀nà tó dájú jù láti fi èrè pàṣípààrọ̀ hàn olùmáàkì nìyẹn.

Tí wọ́n bá ní kí ẹ ya ìlà àwọn méjèèjì pọ̀

Ìlà àpapọ̀ kì í ṣe ìlà tààrà láti 100 sí 40. Àṣìṣe ńlá ni kí ẹ fi rúlà so wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀.

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí gbogbo wọn ti ń ṣe gàrí: gàrí 100, epo 0.
2. Ẹni tí ohun ìyááfì rẹ̀ kéré jù lórí epo ló máa kọ́kọ́ bọ́ sídìí epo. Àṣàkẹ́ ni. Tó bá ti kó gbogbo ọjọ́ rẹ̀ lé e: gàrí 40, epo 30. Ẹ fi àmì síbẹ̀. Igun ìlà nìyẹn.
3. Lẹ́yìn náà ni Ìbídùn tó bọ́ sí i: gàrí 0, epo 40.
4. Ẹ so àmì mẹ́ta náà pọ̀ pẹ̀lú ìlà tààrà méjì.

Ẹ wá fi àmì sí gàrí 50, epo 20, ìyẹn àpapọ̀ ìgbà tí kálukú ń pín ọjọ́ rẹ̀ sí méjì. Inú ìlà àpapọ̀ ló bọ́ sí. Kálukú wà lórí ìlà tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ya ọ̀lẹ, síbẹ̀ àwọn méjèèjì lápapọ̀ ń fi nǹkan ṣòfò torí pé wọn kò pín iṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ya àmì yìí fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí kò sí àlàyé ẹnu tó lè rọ́pò rẹ̀.

Tí tábìlì bá jẹ́ ti ìnáwó: aṣọ àti wáìnì

Àpẹẹrẹ tó lókìkí jù lórí tábìlì ìnáwó ni èyí tí David Ricardo, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1817. Iye òṣìṣẹ́ tí ìwọ̀n ọjà kan gbà fún ọdún kan ló kọ:

- Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: aṣọ 100, wáìnì 120
- Pọ́túgàl: aṣọ 90, wáìnì 80

1. Ẹ kọ "kéré ló dára" sí ẹ̀gbẹ́. Pọ́túgàl ló ní àǹfààní pọ́nbélé lórí méjèèjì: 90 dín sí 100, 80 dín sí 120.
2. Ìpín yí padà níbí: ẹ fi ìnáwó ọjà kejì pín ìnáwó ọjà tí ẹ fẹ́ ṣe. Wáìnì 1 ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: 120 ÷ 100 = aṣọ 1.2. Ní Pọ́túgàl: 80 ÷ 90 = aṣọ 0.89.
3. Ti Pọ́túgàl kéré jù, kí Pọ́túgàl ṣe wáìnì. Aṣọ di ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: 100 ÷ 120 = wáìnì 0.83, nígbà tí ti Pọ́túgàl jẹ́ 90 ÷ 80 = wáìnì 1.125.
4. Tí wọ́n bá pààrọ̀ ìwọ̀n aṣọ kan sí ìwọ̀n wáìnì kan, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń lo òṣìṣẹ́ 220 fún méjèèjì á lo 200 láti ṣe aṣọ ìlọ́po méjì, á sì gba wáìnì rẹ̀ lọ́wọ́ Pọ́túgàl. Òṣìṣẹ́ 20 bọ́. Pọ́túgàl á kúrò ní 170, á lo 160. Òṣìṣẹ́ 10 bọ́.

Tí ìpín yìí bá ń rú yín lójú, ẹ sọ tábìlì ìnáwó di tábìlì ọjà. Ẹ mú àpapọ̀ àkókò kan tó rọrùn, ẹ fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan pín in. Ẹni tó ń fi wákàtí 2 ṣe ọjà kan yóò ṣe 30 ní wákàtí 60. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dára fún ẹni tó bá ń bẹ̀rù àṣìṣe.

Nígbà tí ìlà bá tẹ̀

Ìlà tààrà ń sọ pé ohun ìyááfì kò yí padà. Ní ìlú gidi, ìlà máa ń yọ síta bí ọrun, torí ohun ìyááfì ń pọ̀ sí i. Ẹ wo abúlé kan tó ń gbin iṣu àti àgbàdo, ní tọ́ọ̀nù:

- A: iṣu 0, àgbàdo 100
- B: iṣu 10, àgbàdo 95
- D: iṣu 20, àgbàdo 85
- E: iṣu 30, àgbàdo 70
- F: iṣu 40, àgbàdo 45
- G: iṣu 50, àgbàdo 0

Láti A sí B, iṣu 10 àkọ́kọ́ gba àgbàdo 5. Láti B sí D, 10. Lẹ́yìn náà 15, 25, títí dé 45. Ìdí rẹ̀ wà nínú ilẹ̀: ilẹ̀ tó jìn, tó rọ̀, tó ṣeé kọ ebè, ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé fún iṣu. Bí iṣu bá ṣe ń pọ̀ sí i, wọ́n á bọ́ sórí ilẹ̀ olókùúta tí iṣu kì í ta dáadáa, ilẹ̀ tó jẹ́ pé àgbàdo ń ṣe níbẹ̀.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún: lórí ìlà tó tẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ lo òpin ìlà méjèèjì láti fi ṣírò ohun ìyááfì. 100 ÷ 50 = 2 kò bá ìpele kankan mu nínú tábìlì yìí. Láti àmì kan sí èyí tó tẹ̀ lé e ni à ń ṣírò. Láti E sí F: àgbàdo 25 ÷ iṣu 10 = tọ́ọ̀nù àgbàdo 2.5 fún tọ́ọ̀nù iṣu kan. Ẹ sì fi ọwọ́ fa ìlà náà láti àmì dé àmì, kó má ṣe ní gbún-ùn-gbùn-ún.

Kí ló ń sún ìlà, kí ni kò sún un

Ó ń sún un síta: ẹ̀rọ tuntun, òṣìṣẹ́ tó pọ̀ sí i tàbí tó kọ́ṣẹ́ sí i, ilẹ̀ tuntun. Ogun, ọ̀gbẹlẹ̀ tàbí àìsàn tó pa òṣìṣẹ́ ń sún un wọlé.

Kò sún un rárá: kí owó ọjà gòkè, kí àwọn èèyàn fẹ́ràn gàrí ju epo lọ, kí àwọn tí kò níṣẹ́ rí iṣẹ́. Méjì àkọ́kọ́ ń mú wa rìn lórí ìlà. Èkẹta ń gbé àmì láti inú ìlà bọ̀ sórí ìlà. Lórí èkẹta yìí, àwọn tó mọ ìwé gan-an náà máa ń gbé e.

Tí ẹ̀rọ bá ran ọjà kan ṣoṣo lọ́wọ́, òpin kan ṣoṣo ni ẹ máa sún. Ká ní Ìbídùn ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ gbágùúdá, gàrí rẹ̀ wá di 80, epo dúró sí 10. Òpin gàrí lọ sí 80, òpin epo kò kúrò níbi tó wà. Àǹfààní pọ́nbélé lórí gàrí ti bọ́ sọ́wọ́ Ìbídùn báyìí, lítà epo kan á sì máa ná an ní kóńgò 8 dípò 4.

Ọ̀nà àbùjá fún ìbéèrè ABCD

Tí àkókò bá ń lọ, ẹ sọ nọ́ńbà di púpọ̀ ní ìdábùú:

- Àṣàkẹ́ gàrí × Ìbídùn epo: 60 × 10 = 600
- Àṣàkẹ́ epo × Ìbídùn gàrí: 30 × 40 = 1,200

Ní tábìlì ọjà, ìdábùú tó pọ̀ jù ló ń sọ bí wọ́n ṣe máa pín iṣẹ́: Àṣàkẹ́ epo, Ìbídùn gàrí. Ní tábìlì ìnáwó, èyí tó kéré jù ni. Ti Ricardo: aṣọ Gẹ̀ẹ́sì × wáìnì Pọ́túgàl, 100 × 80 = 8,000; wáìnì Gẹ̀ẹ́sì × aṣọ Pọ́túgàl, 120 × 90 = 10,800. 8,000 ló kéré, ó sì bá ohun tí a rí lókè mu.

Tí ìdábùú méjèèjì bá dọ́gba, ohun ìyááfì wọn dọ́gba, kò sẹ́ni tó ní àǹfààní àfiwé, pàṣípààrọ̀ kò sì ní mú èrè wá. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi tipátipá yan ẹnì kan.

A kò gba ọ̀nà àbùjá yìí nínú ìbéèrè àkọsílẹ̀. Ohun ìyááfì ni olùmáàkì fẹ́ rí níbẹ̀.

Kí ẹ tó fi ìwé sílẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò

- Ṣé mo kọ irú tábìlì náà?
- Ṣé òṣùwọ̀n wà lẹ́yìn nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan?
- Ṣé ohun ìyááfì ẹnì kan jẹ́ òdìkejì ara wọn?
- Ṣé iye pàṣípààrọ̀ bọ́ sáàárín?
- Ṣé àpapọ̀ lẹ́yìn ìpín iṣẹ́ kò dín lórí ọjà kankan?
- Ṣé gbogbo ìlà lórúkọ?

Ohun kan tún wà tí ìṣirò yìí kò kà: owó ọkọ̀ àti owó ibodè. Tí gbígbé epo dé ọ̀dọ̀ Ìbídùn bá jẹ kóńgò kan ààbọ̀ lórí lítà kọ̀ọ̀kan, lítà tó rà ní kóńgò 3 ti di 4½ fún un, á sì sàn kó ṣe epo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí ìbéèrè bá ní kí ẹ sọ àléébù èrò yìí, ẹ kọ́kọ́ mú èyí.

Ẹ fi èyí dánra wò

Kọ́lá ń fi wákàtí 12 rán agbádá kan, wákàtí 3 rán bùbá kan. Tóyìn ń fi wákàtí 20 rán agbádá, wákàtí 4 rán bùbá.

Ìdáhùn: tábìlì ìnáwó ni. Kọ́lá ló ní àǹfààní pọ́nbélé lórí méjèèjì. Agbádá kan ń ná Kọ́lá ní bùbá 4, ó ń ná Tóyìn ní bùbá 5. Kí Kọ́lá rán agbádá, kí Tóyìn rán bùbá. Pàṣípààrọ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín bùbá 4 àti 5 fún agbádá kan. Ní wákàtí 60, ìlà Kọ́lá máa lọ láti agbádá 5 sí bùbá 20, ti Tóyìn láti agbádá 3 sí bùbá 15. Igun ìlà àpapọ̀ wà níbi agbádá 5, bùbá 15.